A Rán An Níṣẹ́ Ẹrú, Ó Fi Tọmọ Jẹ́ Ẹ: Mary Fields, Ìyá Akólẹ́tà Ìlú Cascade

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ posófíìsì, ẹ̀yin ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn tí ẹ bá wọn wá, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìyá tó fi iṣẹ́ lẹ́tà sin ìlú rẹ̀ dọjọ́ ogbó. Bóyá wọ́n rò pé màá bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1852, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá posófíìsì àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn yẹn, ẹnu yín ló ti dùn ún gbọ́. Ẹ̀yin lẹ ta sítáǹpù, ẹ̀yin lẹ lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà títí apá fi ń ro yín, ẹ̀yin lẹ ka tẹligíráàmù “wá kíákíá” fún ẹni tí kò mọ̀wé, tí ẹ sì ń wá ọ̀nà tí ẹ máa gbà sọ ọ́ tí kò fi ní ṣubú lulẹ̀. Mi ò lè kọ́ yín níṣẹ́ yín. Obìnrin kan tó jìnnà sí wa ni mo mú wá bá yín lónìí, nítorí ó dá mi lójú pé ẹ̀yin lẹ máa mọyì rẹ̀ jù.

Mary Fields ni orúkọ rẹ̀. Ìlú rẹ̀ ni Cascade, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Missouri ní Montana, lápá àríwá Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló sọ di ìlú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Oko ẹrú ni wọ́n bí i sí. Ó ti lé ní ẹni 60 ọdún kó tó gba iṣẹ́ lẹ́tà, ó sì fi ọdún mẹ́jọ gbé àpò lẹ́tà ìjọba la òkè àti yìnyín kọjá. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó gba irú kọ́ńtírákì bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn baba wa ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mi ò tíì rí ẹni tí òwe yẹn bá mu tó o.

Kí ẹ lè mọ bí ohun tó ṣe ti tóbi tó, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú òfin tó wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ní 1802 ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé lẹ́tà ìjọba àfi aláwọ̀ funfun tí kì í ṣe ẹrú. Ọ̀gá àgbà posófíìsì wọn nígbà náà, Gideon Granger, ló kọ̀wé sí ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin, James Jackson láti Georgia, tó sì là á mọ́lẹ̀ fún un. Ẹ̀rù ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Haiti ló ń bà wọ́n, níbi tí àwọn ẹrú ti dìde tí wọ́n sì gba ara wọn sílẹ̀. Granger ní àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gun ẹṣin gbé lẹ́tà kiri ni ojú wọn là jù, tí ọpọlọ wọn sì jí jù nínú ẹgbẹ́ wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pàdé èèyàn tuntun, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó ní bó pẹ́ bó yá, wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ọmọ èèyàn ò sí lára àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì lọ kọ́ àwọn yòókù.

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Wọn ò gba àpò lẹ́tà lọ́wọ́ wọn torí pé wọ́n jẹ́ òpè. Wọ́n gbà á torí wọ́n mọ̀ pé wọ́n gbọ́n. Ohun tí Granger ń sọ ò sì ṣàjèjì sí àwa náà. Nígbà tí àrokò ni lẹ́tà wa, ẹni tí ọba gbé owó ẹyọ tí a so pọ̀ lé lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ fún ọba míì, ogun tàbí àlàáfíà ló gbé dání. A kì í fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rán ẹni tí a ò fọkàn tán.

Ọdún 63 ni òfin yẹn fi wà. Oṣù kẹta 1865, nígbà tí ogun abẹ́lé wọn ń parí lọ, ni wọ́n tó fagi lé e. Mary ti tó nǹkan bí ẹni ọdún 33 nígbà náà. Mo ní nǹkan bí, torí kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Tennessee, nǹkan bí 1832, ni àwọn òpìtàn fojú bù ú sí. Ẹni tí wọ́n kà mọ́ dúkìá nínú ilé olówó rẹ̀, ta ni yóò máa ka ọjọ́ fún un? Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn.

Lẹ́yìn tó gba òmìnira, ó ṣiṣẹ́ ilé, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Mississippi. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ó bá ìdílé adájọ́ kan tó ń jẹ́ Dunne gbé, pé nígbà tí ìyàwó adájọ́ náà kú, Mary ló kó àwọn ọmọ náà lọ bá àbúrò bàbá wọn tó jẹ́ sístà Kátólíìkì ní ìlú Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Sístà yìí ni Ìyá Amadeus, ọ̀gá ilé àwọn sístà Ursuline. Bí Mary ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè ní ẹnu méjì, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì ṣe fẹ́ràn ara wọn ò ní ẹnu méjì rárá. Ní Toledo, Mary ló ń tọ́jú ọgbà àti pápá oko iwájú ilé, wọ́n sì ní bó bá ti gé koríko tán, ẹni tó bá dán an wò tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, orí ló máa kó o yọ.

Ní 1884, wọ́n rán Ìyá Amadeus lọ sí Montana, kó lọ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ẹ̀yà Blackfeet, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. St. Peter's Mission ni orúkọ ibẹ̀. Mi ò ní fi bò fún yín pé irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gba èdè àti àṣà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀. Ìyẹn ìtàn míì, tó yẹ ká fi ọjọ́ tirẹ̀ sọ. Ní 1885, ìròyìn dé Toledo pé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti dá Ìyá Amadeus wólẹ̀, bóyá ni yóò sì yè é. Mary kó ẹrù rẹ̀. Ó gba ọ̀nà Montana lọ, ó dúró tì í, ó ń po oògùn, ó ń fi omi gbígbóná nù ún, títí ara rẹ̀ fi yá. Kò padà sí Ohio mọ́.

Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ pọ̀ ju ti ọkùnrin méjì lọ. Ó ń fọ aṣọ àwọn sístà àtàwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ó ń sin adìẹ, ó ń gbin ẹ̀fọ́, ó ń tún òrùlé ṣe. Òun náà ló ń wa kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà lọ sí ìdíkọ̀ ojú irin láti lọ kó oúnjẹ àti ẹrù wá. Wọ́n sọ pé lóru ọjọ́ kan, ìkookò lé àwọn ẹṣin rẹ̀, kẹ̀kẹ́ dà wó, ẹrù fọ́n ká. Kò fi ẹrù sílẹ̀. Ó dúró tì í lóun nìkan nínú òkùnkùn títí ilẹ̀ fi mọ́, torí oúnjẹ àwọn ọmọ ló wà ńlẹ̀ yẹn.

Àmọ́ àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ò fẹ́ gbọ́ kí obìnrin dúdú sọ fún wọn pé ẹ ṣe báyìí, ẹ má ṣe báyẹn. Ẹ̀sùn ń lọ sọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rọ̀ náà sì dé orí ìbọn. Ní 1894, bíṣọ́ọ̀bù ní kó kúrò ní Mission. Gbogbo ọdún tó ti fi sin ibẹ̀, tí a ò gbọ́ pé ó bá wọn jà lórí owó oṣù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló parí ẹ̀. Ó ti lé ní ẹni 60. Ẹ fojú inú wò ó, ẹ̀yin ìyá wa: ní ọjọ́ orí tí èèyàn ń retí kí ọmọ wá gbé oúnjẹ síwájú òun, tí kò sì sí àkọsílẹ̀ pé Mary bí ọmọ kankan.

Ó lọ sí Cascade. Ìyá Amadeus bá a wá ọ̀nà tó fi ṣí ilé oúnjẹ. Ilé oúnjẹ náà ò pé ọdún kan tó fi wọlẹ̀. Kì í ṣe pé ọbẹ̀ rẹ̀ ò dùn. Ẹni tó lówó, ó fún un jẹ. Ẹni tí kò lówó, ó fún un jẹ. Àwọn darandaran tí òtútù lé wọ ìlú, tí wọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn làwọn máa sanwó, ó bu oúnjẹ fún wọn. Èyí tó ń ta àwìn nínú yín mọ bí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe ń parí.

Ibi tí ìtàn iṣẹ́ lẹ́tà ti wọlé nìyí, mo sì fẹ́ rọra sọ ọ́, torí àwọn tó ń sọ̀tàn Mary Fields kì í dúró níbẹ̀ tó. Wọ́n á ní ó gba iṣẹ́, ó wa kẹ̀kẹ́, ó di olókìkí. Báwo lèèyàn ṣe ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Amẹ́ríkà tóbi, ojú irin ò sì dé ibi gbogbo. Ibi tí rélùwéè bá já àpò lẹ́tà sí, ó di dandan kí ẹnì kan gbé e dé posófíìsì àwọn ìlú tó wà nínú igbó àti lórí òkè. Láti 1845 ni òfin ti sọ pé kí ìjọba gbé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe tí owó tó ń béèrè bá kéré jù, bó bá ṣáà ti lè gbé lẹ́tà náà kíákíá, láìyẹ̀, láìsọnù. Àwọn akọ̀wé posófíìsì ò lè máa kọ gbogbo ìyẹn lójoojúmọ́, ni wọ́n bá ń fi àmì ìràwọ̀ mẹ́ta dípò rẹ̀ nínú ìwé, bí wọ́n ṣe ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní star route, ọ̀nà oníràwọ̀, nìyẹn. Ẹni tó bá gbà á kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Òun ló máa ra ẹṣin tàbí ìbaaka, òun ló máa ra kẹ̀kẹ́, òun ló máa bọ́ ẹran, òun ló máa tún àgbá kẹ̀kẹ́ tó bá ṣẹ́ ṣe. Kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Ó sì gbọ́dọ̀ ní onídùúró tó fọwọ́ sí ìwé, tó jẹ́ pé bí akólẹ́tà bá já iṣẹ́ jù sílẹ̀, owó onídùúró ló máa lọ sí i. Wọ́n ń bù lára owó akólẹ́tà fún lẹ́tà tí kò dé lásìkò.

Ẹ wá fi Mary Fields sínú ìyẹn. Obìnrin, aláwọ̀ dúdú, ẹni 60 ọdún ó lé, tí ilé oúnjẹ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀, tí bíṣọ́ọ̀bù lé jáde. Obìnrin ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kó tó dé orí rẹ̀. Polly Martin ti gbé lẹ́tà ní Massachusetts láti àwọn ọdún 1860. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jẹ́ pé òfin fi dandan gba àpò lẹ́tà lọ́wọ́ irú rẹ̀ títí ó fi ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, kò tíì sí. Wọ́n sọ pé ọjọ́ tí wọ́n ń yan ẹni tó máa ṣe é, òun ló yára so ẹṣin mẹ́fà mọ́ kẹ̀kẹ́ ju gbogbo àwọn ọkùnrin tó wá lọ. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ohun tó dájú ni pé ní 1895, ó gba kọ́ńtírákì láti gbé lẹ́tà láàárín Cascade àti St. Peter's Mission. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni kọ́ńtírákì náà, ó sì gba méjì tẹ̀léra. Àwọn sístà tí bíṣọ́ọ̀bù ní kó jìnnà sí, òun náà ló tún ń gbé lẹ́tà lọ fún.

Lílọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó máìlì 34, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Lórí ọ̀nà tó rí págunpàgun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, erùpẹ̀. Nígbà òjò, ẹrẹ̀. Nígbà òtútù, ẹ dákẹ́. Ní Rogers Pass, lórí òkè kan tí kò jìnnà púpọ̀ síbẹ̀, ni wọ́n ti wọn òtútù tó lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n Celsius 57 sísàlẹ̀ òdo ní oṣù kìn-ín-ní 1954, kò sì sí ibòmíràn tó tíì tutù tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí a bá yọ Alaska sílẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni obìnrin yìí ń wa kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ nígbà tó ń súnmọ́ ẹni 70 ọdún.

Bí yìnyín bá ga débi tí àwọn ẹran ò lè gbẹ́sẹ̀ mọ́, á tú wọn sílẹ̀ lára kẹ̀kẹ́. Á de bàtà pẹlẹbẹ fífẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rì mọ́ ẹsẹ̀. Á gbé àpò lẹ́tà kọ́ èjìká. Á máa rìn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé àpò lẹ́tà mọ̀ pé kì í ṣe ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Nínú irú àpò bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ìwé ìròyìn wà ńbẹ̀, ìwé ọjà ńláńlá tí àwọn onílé ìtajà Chicago ń tẹ̀ jáde wà ńbẹ̀, owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá wà ńbẹ̀, ìwé ilẹ̀ àwọn tó wá tẹ̀ dó wà ńbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bí kò bá dé lásìkò, ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ olóko. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé lórí àwọn òkè yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi mọ̀ pé ará ilé wọn ṣì wà láàyè ni àpò tó wà léjìká obìnrin yẹn.

Bí ẹ bá wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni àwòrán rẹ̀, obìnrin gíga tó sanra, ìbọn gígùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn tó máa tẹ̀lé e ni pé ó ń mu sìgá, ó ń mu ọtí, pé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó àgbàfọ̀, ó lu eyín rẹ̀ yọ. Wọ́n ti ṣe fíìmù nípa ìbọn yẹn, wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ sí ara ẹ̀wù. Mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìkookò wà lójú ọ̀nà, olè wà, obìnrin tó dá rìn kò gbọdọ̀ má ní nǹkan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n inú ilé ọtí ni wọ́n ti ń sọ ọ̀pọ̀ ìtàn yẹn, ẹni tó bá sì sọ ọ́ ló ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ẹni tó parí kọ́ńtírákì méjì láìjẹ́ kí lẹ́tà ìlú sọnù, kì í ṣe ìbọn ló fi parí rẹ̀. Ìdájí tó ń jí ló fi parí rẹ̀, ìbaaka tó ń bọ́ kí òun tó jẹun, ọ̀rá tó ń fi sára àgbá kẹ̀kẹ́, ojú tó ń wo ojú ọ̀run kó tó pinnu bóyá kẹ̀kẹ́ ni yóò wà tàbí ẹsẹ̀ ni yóò rìn. Inú ń bí mi pé ìbọn ni wọ́n fi rántí rẹ̀. Bí ọkùnrin bá ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣiṣẹ́.

Ní 1903, ó fi iṣẹ́ lẹ́tà sílẹ̀. Nǹkan bí ẹni 71 ni. Ó di alágbàfọ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Cascade, ó ń gba aṣọ fọ̀ kó lè jẹun. Ó sì ń bá àwọn èèyàn mójú tó ọmọ wọn. Níbi yìí gan-an ni mo ti gbà pé ìyá ni Mary Fields, bí kò tilẹ̀ bímọ. Àwọn ìyá ìlú á gbé ọmọ fún un kí wọ́n tó jáde. Owó tó bá gbà, wọ́n ní orí súìtì fún àwọn ọmọ náà ló máa ń parí sí. Ó ní ọgbà òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Bí ẹgbẹ́ baseball ìlú, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, bá fẹ́ lọ ṣeré, á já òdòdó kọ̀ọ̀kan fún wọn kí wọ́n fi há àyà ẹ̀wù. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù jáde pápá, ìdì òdòdó ńlá ló ń dúró dè é. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ burúkú sí ẹgbẹ́ Cascade létí rẹ̀, ó gbọ́ tiẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé tó rí i nígbà náà ni Gary Cooper, tí ó wá di òṣèré fíìmù tí gbogbo ayé mọ̀. Helena, ní Montana kan náà, ni wọ́n bí i sí ní 1901. Ní 1959, ó kọ ọ̀rọ̀ nípa Mary sínú ìwé ìròyìn Ebony. Ìyá náà ti kú ní ohun tó ju ogójì ọdún lọ, àgbàlagbà ọkùnrin tí ojú rẹ̀ ti rí ohun gbogbo ṣì ń rántí rẹ̀.

Ìlú náà ṣe tiẹ̀ fún un. Òfin ò gba obìnrin láàyè láti jókòó mutí nínú ilé ọtí. Olórí ìlú ní ti Mary yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé hòtẹ́ẹ̀lì ìlú fún ẹlòmíràn ní 1910, ẹni tó ni ín kọ ọ́ sínú àdéhùn pé oúnjẹ Mary lọ́fẹ̀ẹ́ ni títí lọ. Ní 1912, iná jó ilé rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń fọ̀. Àwọn ará ìlú kó pákó àti ìṣó jọ, wọ́n kọ́ òmíràn fún un. Kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó yan èyí tó wù ú, wọ́n sì ní ilé ẹ̀kọ́ ìlú máa ń ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà kí àwọn ọmọ lè lọ bá a ṣe é.

Mo fẹ́ kí ẹ gbádùn ìyẹn, síbẹ̀ mi ò ní jẹ́ kó tàn yín jẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú tó ń gbé Cascade. Ìlú lè nífẹ̀ẹ́ ẹnì kan kó má ní ọkàn fún ẹ̀yà rẹ̀. Ní 1903 kan náà tí Mary fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Minnie Cox ní Indianola, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ọ̀gá posófíìsì ni, obìnrin tó kàwé, tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti 1891 pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ láàárín. Bí àwọn oníbàárà bá jẹ gbèsè owó àpótí lẹ́tà, ó ń fi owó ara rẹ̀ san án kí ọ̀rọ̀ má baà di ariwo. Ó fi owó ara rẹ̀ gbé fóònù sí posófíìsì. Nígbà tí àwọn olóṣèlú gbé ẹ̀yà gorí àga ìpolongo, àwọn aláwọ̀ funfun ìlú kóra jọ pé kó lọ, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn débi tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tó sì kúrò nílùú. Ààrẹ Theodore Roosevelt kọ̀ láti gba ìwé náà. Ó ti posófíìsì ibẹ̀ pa ní oṣù kìn-ín-ní 1903, ó ní kí wọ́n máa lọ gba lẹ́tà wọn ní Greenville. Ó ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó ṣí i. Minnie Cox padà wá sí Indianola nígbà tó yá, òun àti ọkọ rẹ̀ sì dá ilé ìfowópamọ́ sílẹ̀ ní 1904. Láti 2008, orúkọ rẹ̀ ni òfin fi pe posófíìsì ìlú náà. Wọn ò fẹ́ràn Minnie Cox bí Cascade ṣe fẹ́ràn Mary, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì fi òótọ́ inú ṣe.

Ìparí ọdún 1914 ni Mary dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìtàn kan ní kò fẹ́ ni ẹnikẹ́ni lára, pé ó kó aṣọ ìbora rẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀ sínú koríko gíga létí ìlú, àwọn ọmọ tó ti bá òbí wọn tọ́ ló sì rí i. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Great Falls, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá. Oṣù kan péré kó tó kú, ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, ni àwọn ọkùnrin Montana dìbò pé kí obìnrin ìpínlẹ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Cascade ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí, wọ́n sin ín sí itẹ́ Hillside, èrò sì pọ̀ níbi ìsìnkú náà ju èyí tí ojú ìlú kékeré yẹn máa ń rí lọ.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn la ti gbọ́ ọ. Ìdí tí mo fi mú ìtàn rẹ̀ wá gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ wà níwájú mi báyìí, ẹnu yín ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wọn, fóònù wà lọ́wọ́ yín tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè iṣẹ́. Mọ́tò wo ló ń já àpò lẹ́tà sílẹ̀, aago mélòó ló ń dé, ta ló ń já èdìdì rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ lẹ́tà tí owó wà nínú rẹ̀? Bí wọ́n bá kọ “Bàbá Súlè, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí” nìkan sára lẹ́tà, báwo ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kó dé? Ta ni wọ́n ka lẹ́tà fún jù, kí ni wọ́n ò lè kà sókè fún un? Mo ti bá àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí sọ ọ́: tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí oúnjẹ wà, àwọn ọ̀dọ́ méjì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀rọ. Ìyá tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, kó yà síbẹ̀. Ẹni tó bá rẹ̀, kó sọ àdírẹ́sì rẹ̀ fún wọn, wọ́n á wá bá a nílé.